Mi ò mọ àwòrán yà: ṣé mo lè kọ ìwé eré kátúùnù?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń kọ eré kéékèèké fún orí ìtàgé. Ní báyìí, kátúùnù ni mo fẹ́ máa kọ, ti sinimá àti ti tẹlifíṣọ̀n. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mi ò mọ àwòrán yà rárá. Bí mo bá ya ajá, àwọn èèyàn á ní ṣé àga ni. Ẹnì kan ní kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ yíyà. Ẹlòmíràn ní ìwé eré ni ìwé eré ń jẹ́, pé kí n kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ ti orí ìtàgé. Ẹnì kẹta ní kí n má tiẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé àwọn tó ń ya kátúùnù ló ń kọ ọ́ fúnra wọn. Èwo ni kí n gbà? Ìtàn tó wà lọ́wọ́ mi dá lórí ìgbín kan tó ń bẹ̀rù omi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rèé: "Ìgbín ń bínú, nítorí ó rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀." Ṣé mo wà lójú ọ̀nà?

* * *

O ò tíì sí lójú ọ̀nà, àmọ́ o ò jìnnà sí i.

Mú ìlà tó o kọ yẹn, kó o gbé e fún ayàwòrán. Ìgbín tó ń bínú, ó lè yà á. "Ó rántí" ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń ya ìrántí? Bàbá tó fi ọmọ sílẹ̀, ṣé a máa padà lọ sí ọjọ́ náà ni, àbí ẹnì kan ló máa fẹnu sọ ọ́? Òjò ńlá ọ̀hún, ṣé a máa rí i? Gbólóhùn kan lo kọ, wo iye ìbéèrè tó bí. Lórí ìtàgé, òṣèré tó mọṣẹ́ á kàn fajú ro, á mí kanlẹ̀, àwọn òǹwòran á ti mọ̀ pé nǹkan kan ń dùn ún. Ìgbín tìrẹ kò tíì ní ojú tó máa fà ro. Ẹnì kan ló máa jókòó ya ojú yẹn.

Ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fún ọ, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ wọn. Ẹni tó ní kó o kọ́kọ́ kọ́ yíyà fẹ́ fi àkókò rẹ ṣòfò. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, róbótó kan àti igi márùn-ún ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n yà: róbótó ni orí, igi kan ni ara, mẹ́rin yòókù ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ó ti tó mi. Òun ni mo fi ń wò ó bóyá ohun tí mo kọ ṣeé fojú rí. Bí mi ò bá lè fi igi márùn-ún yẹn gbé e jáde, a jẹ́ pé inú orí mi ló ṣì wà, kò tíì dénú ìwé.

Ẹni kejì ni mo fẹ́ bá fà á jù. Nínú fíìmù tí wọ́n fi kámẹ́rà yà, bí o bá kọ "ó wọ yàrá", àga ti wà nínú yàrá, fèrèsé ti wà, òjìji òṣèré á tẹ̀ lé e wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Nínú kátúùnù, òfìfo ni gbogbo ibẹ̀. Àga tí ẹnikẹ́ni ò yà kò sí níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò yà kò ní fẹ́. Férémù (ojú àwòrán kọ̀ọ̀kan tí fíìmù ń fi hàn) 24 ni fíìmù ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yà, ohun tó wọ́pọ̀ ni kí àwòrán kan gba férémù méjì, ìyẹn àwòrán 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Apá kan tó jẹ́ ìṣẹ́jú 11 lórí tẹlifíṣọ̀n, ìṣẹ́jú-àáyá 660 ni. Bá mi ṣírò ẹ̀: àwòrán 7,920, fún ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo tí kò sinmi. Lóòótọ́, wọ́n máa ń jẹ́ kó dúró sójú kan, wọ́n ń tún àwòrán lò, kọ̀ǹpútà sì ti gba púpọ̀ ṣe nínú ẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe tó o bá kọ, iṣẹ́ òòjọ́ ẹnì kan ni.

* * *

Ẹnì kan ti fèsì lórí ìmọ̀ràn kẹta: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tan ọmọ yìí o. Kátúùnù SpongeBob SquarePants kì í lo ìwé eré. Ìlapa ni wọ́n ń kọ, ìyẹn ìtàn ní ṣókí, àwọn tó ń ya storyboard ló ń fi ọ̀rọ̀ sí ẹ̀dá-ìtàn lẹ́nu. Kó lọ kọ́ storyboard."

Òótọ́ lo sọ nípa SpongeBob. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní 1999. Bó o bá sì wo ìtàn iṣẹ́ náà, àṣà àtijọ́ ni: níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, lọ́dọ̀ Walt Disney, àwòrán kéékèèké ni wọ́n ń fi pín-ìnnì kàn mọ́ pátákó, wọ́n á tò wọ́n tẹ̀ léra, wọ́n á wá dúró níwájú ẹ̀ máa sọ ìtàn náà bí ẹni pa àlọ́. Ibẹ̀ ni ohun tí à ń pè ní storyboard ti gbilẹ̀.

Ṣùgbọ́n wo kátúùnù The Simpsons. Wọ́n á kọ ìwé eré látòkèdélẹ̀, wọ́n á kà á yí tábìlì ká, wọ́n á tún un kọ, kí ayàwòrán tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Ọ̀nà méjèèjì ló wà, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń mú èyí tó bá a lára mu. Èmi ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ méjèèjì.

Ibi tí mi ò ti gbà fún ọ ni "ìlapa ni wọ́n ń kọ", bíi pé ìlapa kì í ṣe ìwé kíkọ. Ojú ìwé méjì péré tó gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdíjú, àti ìdí tí ẹni tó ń wò ó kò fi ní yí tẹlifíṣọ̀n sí ibòmíràn, ta ló ń kọ ọ́? Òǹkọ̀wé ni. Ó sì le ju ojú ìwé 15 lọ, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ò sí níbẹ̀ tó o lè sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kọ irú ẹ̀, obìnrin tó ya storyboard fa ẹ̀fẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù sọnù, ó fi tirẹ̀ rọ́pò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bínú. Tirẹ̀ ló dáa jù. Mi ò tíì sọ fún un títí dòní.

* * *

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ ìwé eré. Kò tó nǹkan tí à ń jà lé lórí. Final Draft ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò, owó ni wọ́n sì ń fi rà á. Trelby ò gba kọ́bọ̀. Bí o bá tiẹ̀ ní ohun tó o fi ń tẹ ìwé lásán, o lè kọ ọ́ ní ìlànà Fountain, kí sọ́fítíwíà tó bá mọ ìlànà náà wá tò ó fún ọ. Lẹ́tà Courier, ìwọ̀n 12. Orí ìran kọ̀ọ̀kan sọ bóyá inú ilé ni àbí ìta, ibo ni, ọ̀sán ni àbí alẹ́. Ọ̀sán kan péré lèèyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ láti kọ́ ọ ní ìyẹn, ó ti gbá ẹ.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹṣin kan fún yín. Ó ti wà lẹ́nu mi látàárọ̀.

Iṣẹ́ mi kẹta ni, kátúùnù ọmọdé. Mo kọ ìlà yìí pẹ̀lú ìgbéraga: "Ogójì ẹṣin ya lu odò. Omi ń ta sókè. Àwọn ará ìlú ń sá káàkiri." Ìlà kan ààbọ̀ lórí ìwé, mo sì ti ń gbọ́ ìlù tó máa bá a lọ nínú orí mi. Ọkùnrin tó jẹ́ olórí àwọn ayàwòrán pè mí lórí fóònù. Kò kí mi.

Ó ní, "Ẹṣin mélòó lẹ pè é?"

Mo ní, "Ogójì."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹsẹ̀ mélòó ni ẹṣin kan ní?"

"Mẹ́rin."

"Ẹ bá mi ṣe é papọ̀."

Ọgọ́jọ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹṣin sì rèé, orúnkún iwájú ń ṣẹ́ síbì kan, ti ẹ̀yìn ń ṣẹ́ síbòmíràn. Kí gbogbo rẹ̀ wá máa rìn nínú omi, omi fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ká tún wá fi èrò tó ń sá káàkiri lé e. Mo ti kó ohun mẹ́ta tó ń gba àwọn ayàwòrán lóorun jù sínú ìlà kan ààbọ̀: ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, omi, èrò.

Ohun tí mo tún kọ rèé:

"Ọmọ náà ń to òkúta wẹẹrẹ sórí ilẹ̀. Òkúta kan fò sókè. Ìkejì fò. Gbogbo wọn ń jó. Ọmọ náà gbójú sókè. Eruku bo ohun gbogbo. Ìró pátákò, ó ń pọ̀ sí i, ó kọjá. Eruku rọlẹ̀. Ọmọ náà ti wà lórí igi. Bàtà rẹ̀ kan wà nílẹ̀, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ."

Kò sí ẹṣin kankan níbẹ̀. Ìran yẹn ni wọ́n sì ń bi mí léèrè nípa ẹ̀ jù nínú gbogbo apá náà.

Ẹnì kan ti sọ lójú mi rí pé ìṣirò owó kì í ṣe iṣẹ́ òǹkọ̀wé, pé kí òǹkọ̀wé máa lálàá, kí àwọn yòókù máa wá bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Mo gbà fún un ní ìdajì. Nígbà tó o bá ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, kọ ọgọ́rùn-ún ẹṣin tó bá wù ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ka ẹsẹ̀ wọn. Bí o ò bá kà á, ẹlòmíràn ló máa gé e fún ọ, kò sì ní bi ọ́ léèrè èwo lo fẹ́ràn.

Àìlówó ti da nǹkan sílẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí tí a ò tiẹ̀ ń fiyè sí mọ́. Ṣé ẹ mọ ìdí tí Yogi Bear, béárì inú kátúùnù yẹn, fi ń wọ kọ́là àti táì láìwọ ṣẹ́ẹ̀tì? Hanna-Barbera, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, ń ṣe kátúùnù fún tẹlifíṣọ̀n, owó tẹlifíṣọ̀n ò sì tó nǹkan. Kọ́là yẹn ni ààlà tó ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára ara. Bí orí bá ń sọ̀rọ̀, orí nìkan ni wọ́n ń tún yà. Ara á dúró bó ṣe wà. Irú kátúùnù bẹ́ẹ̀ sì ń béèrè irú ìwé eré kan: ọ̀rọ̀ ẹnu púpọ̀, eré sísá díẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó kọ̀wé, béèrè irú èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe. Bó bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, 3D, gbogbo ẹ̀dá tuntun àti ibi tuntun ni wọ́n máa mọ bí ẹni mọ ère, wọ́n á tún fi ohun tó máa mú un rìn sínú ẹ̀. Ẹni tó kàn kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì sọ "ẹ káàárọ̀" ti jẹ owó. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ti mọ ọ́n tán, kí kámẹ́rà yí i po ò le. Èyí tí wọ́n fọwọ́ yà ni ìdàkejì: ibi tuntun lè jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kí kámẹ́rà yí èèyàn po, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ́ bú.

* * *

Ìwọ tó o ni ìbéèrè, o tún kọ̀wé pé: "Ẹ̀gbọ́n, Yorùbá ni mo fi ń ronú, Yorùbá ni mo sì fi ń kọ. Ṣé kò ní dí mi lọ́wọ́?"

Dí ọ lọ́wọ́ kẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnì kan béèrè gan-an nìyí. Yorùbá ní nǹkan kan tí mo máa ń fi yangàn níwájú àwọn tó ń fi èdè mìíràn kọ ọ́. Wò ó: "Ó ṣubú gbì." "Ó ṣubú yakata." "Ó ṣubú wọ̀ọ̀." Ìṣubú mẹ́ta nìyẹn. Ti àkọ́kọ́, ara wúwo, ilẹ̀ mì, ó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ìkejì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti tàn kálẹ̀, a sì fẹ́ dúró wò ó díẹ̀ ká rẹ́rìn-ín. Ti ìkẹta, bí ohun tó tò jọ ṣe ń ya lulẹ̀ ni. Ohun tí ẹni tó ń mú àwòrán rìn ń wá kiri nìyẹn: báwo ló ṣe wúwo tó, báwo ló ṣe yá tó, báwo ló ṣe parí sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ìlẹ̀kùn ṣí gbàgà." "Ó yọ́ wọlé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́." "Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́." "Omi kán tó." Mi ò mọ ìlànà ìkọ̀wé kankan tó lè ṣe jù báyẹn lọ. Ìgbà kan wà tí wọ́n ní kí n tú ìwé eré mi sí èdè mìíràn fún àwọn ayàwòrán tí kò gbọ́ Yorùbá. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo fi ṣàlàyé "ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́", kò sì tíì yé wọn tán. Mo dìde, mo fi ara ṣe é, wọ́n fi fóònù ká a sílẹ̀.

Ìyẹn mú mi rántí ọ̀rọ̀ ohùn. Lọ́pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń gba ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán, tí àwọn ayàwòrán á wá mú ẹnu ẹ̀dá-ìtàn bá ohùn náà mu. Ní Japan, lẹ́yìn tí àwòrán bá ti wà ni wọ́n sábà máa ń gba ohùn. Ní ti àkọ́kọ́ yìí, òṣèré náà lè wà nínú yàrá ohùn ní òun nìkan, kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì rí àwòrán kankan. Ìwé rẹ nìkan ló ní. Bí ìgbín bá jábọ́ sórí ewé kan, tó tún jábọ́ sórí ewé kejì kó tó dé ilẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohùn ìjábọ́ mẹ́ta ni, kí èkejì kúrú, kí ẹ̀kẹta dà bí ti ẹni tó ti sú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pe òṣèré padà sí yàrá ohùn nítorí tèmi, torí mo gbàgbé láti kọ "ó ń mí hẹlẹhẹlẹ". Wọ́n sanwó fún un lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò gbàgbé mọ́.

* * *

Àríyànjiyàn kan tún ti bẹ́ sílẹ̀ nípa gígùn. Ẹnì kan ní ojú ìwé kan ni ìṣẹ́jú kan. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni.

Ní fíìmù kámẹ́rà, ojú ìwé kan sí ìṣẹ́jú kan jẹ́ òṣùwọ̀n tó ń ranni lọ́wọ́. Nínú kátúùnù, ó máa ń yẹ̀. Ìwọ lò ń ṣàlàyé ìṣe tí òṣèré ì bá ti ṣe fúnra rẹ̀, nítorí náà ìwé á gùn ju àkókò lọ. Fún ìṣẹ́jú 11, mo ti kọ ojú ìwé 15, mo ti kọ 18, wọ́n sì bọ́ sí i. Àwọn kan á fún ọ ní iye tí wọ́n fẹ́. Gba tiwọn, má bá wọn jiyàn.

Ohun tí mo gbà ọ́ níyànjú ni pé kó o máa fi ara ṣe é. Ti ìlẹ̀kùn pa, gbé fóònù tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá kalẹ̀, kó o ṣe gbogbo ìran náà, ọ̀rọ̀ àti ìṣe. Kó o jábọ́ níbi tí wọ́n ti jábọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ mo ti rá ilé mi látòkèdélẹ̀ rí nítorí kòkòrò kan. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án ni mo rò pé ó máa gbà. Ogójì ló gbà.

Bó o bá ṣi ìṣirò, orí animatic ló ti máa hàn. Animatic ni storyboard tí wọ́n tò sórí àkókò pẹ̀lú ohùn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwòrán rìn. Apá kan tí mo kọ dé orí animatic, ó ń gba ìṣẹ́jú 14. Mẹ́ta gbọ́dọ̀ lọ. Ìran tí mo fẹ́ràn jù ni wọ́n gé, torí ìtàn náà ń lọ láìsí i. Wọn ò ṣì mí.

Wọ́n ti gé tàwọn tó jù mí lọ. Nínú Snow White, kátúùnù Disney tó jáde ní 1937, ìran kan wà tí àwọn aràrá ti ń mu ọbẹ̀, ariwo lọ́tùn-ún lósì. Ward Kimball, ayàwòrán kan lọ́dọ̀ Disney, ti fọwọ́ mú un rìn tán. Wọ́n yọ ọ́ kúrò torí ó ń dá ìtàn dúró. Oṣù mélòó ló ti lò nídìí ẹ̀! Tìrẹ, orí ìwé ni wọ́n ti máa gé e, ìwé ò sì wọ́n.

Bó o bá sì rò pé àwọn ògbóǹtarìgì kì í ṣe é kó bàjẹ́: ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, ilé iṣẹ́ Pixar gbé ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé lórí fíìmù kátúùnù wọn, Toy Story, lọ síwájú àwọn ọ̀gá Disney. Woody, ọmọláńgidi tó jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn, ti di òǹrorò, òkú ìkà, kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Àfi kí wọ́n padà sídìí ìwé. Fíìmù náà jáde ní 1995, kò sì sẹ́ni tó ń kórìíra Woody nínú ẹ̀.

* * *

Ní ti kọ́ọ̀sì. Àwọn kan ní kíláàsì nìkan ló ń sọni dòǹkọ̀wé, àwọn kan ní ìfowóṣòfò ni. Èmi lọ ọ̀kan rí. Olùkọ́ wa kò tíì kọ kátúùnù rí láyé ẹ̀, orí ìwé ẹlòmíràn ló ti ń kà á jáde fún wa. Ohun tí mo jèrè níbẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí a jọ ń ka ìwé ara wa títí dòní. Bí o bá rí kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti máa ka iṣẹ́ rẹ, tí wọ́n á sì fi pẹ́ńsù pupa sí i, lọ. Bó bá jẹ́ fídíò lo kàn fẹ́ máa wò, jókòó sílé.

Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù, ẹnikẹ́ni ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Mú ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú kátúùnù tó o fẹ́ràn. Pa ohùn rẹ̀. Kọ ohun tó o rí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé eré, má fi ohunkóhun tó o ò rí kún un. Lẹ́yìn náà ṣí ohùn, kó o wo ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ń sọ ohun tí ojú ti rí tẹ́lẹ̀. Nínú èyí tó dáa, kò ní wọ́pọ̀. Ṣe é fún ogún kátúùnù. Mi ò ṣàwàdà, ogún ni mo pè.

Ṣe ìdàkejì pẹ̀lú: kọ ìtàn ojú ìwé méjì tí ẹnikẹ́ni ò ti la ẹnu. Ìwọ tó o ti orí ìtàgé wá, òun ló máa dùn ọ́ jù. Ẹ̀yin ará ìtàgé, ọ̀rọ̀ ni àdá yín.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé níbo ni wọ́n ń ta ìtàn sí. Ní kúkúrú: má fi ìtàn rẹ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí kò béèrè, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí i, àwọn mìíràn á ní kó o kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé kan nítorí ẹjọ́. Ìwé eré tó o fi ń wá iṣẹ́, kí wọ́n lè mọ bó o ṣe ń kọ̀wé ló wà fún, wọ́n kì í sábà rà á. Kó o ní méjì lọ́wọ́: ọ̀kan tó jẹ́ ìtàn tìrẹ, èkejì tó o kọ fún kátúùnù tó ti wà nílẹ̀, kí wọ́n rí i pé o lè fi ohùn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá wá pè ọ́, ìtàn kúkúrú, ìpínrọ̀ kan tàbí méjì, ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Mú mẹ́wàá lọ. Wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ mẹ́sàn-án nínú ẹ̀.

Ka àdéhùn rẹ. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì ló pín àwọn òǹkọ̀wé kátúùnù láàárín ara wọn, The Animation Guild àti Writers Guild, ohun tí òǹkọ̀wé sì ń rí gbà nígbà tí wọ́n bá tún iṣẹ́ náà gbé jáde kò dọ́gba lábẹ́ àwọn méjèèjì. Níbi tí kò bá sí ẹgbẹ́ kankan, ìwé tó o fọwọ́ sí ni ẹgbẹ́ rẹ. Mo ti fọwọ́ sí ọ̀kan láìkà á rí. Ẹ má bi mí.

* * *

Ìwọ tó o ni ìbéèrè, mo rí ohun tó o tún kọ wá. Mo gbé e síbí kí gbogbo wa lè rí i:

"ÌTA, Ẹ̀GBẸ́ ÒGIRI, ÒWÚRỌ̀. Ìgbín ń wọ́ lọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó kan ìkarahun ńlá kan tó ṣófo. Ó dúró. Ó na ìwo kan, ó fi kan ìkarahun náà. Omi òjò tó wà nínú ẹ̀ kán tó sílẹ̀. Ìgbín wọ inú ìkarahun tirẹ̀ lọ fìrì. Ìwo kan ló kù níta. ÌGBÍN: Bàbá, mo rántí yín."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi igi mi yà á. Ó yà! Ìkán omi kan ṣoṣo lo lò dípò òjò ńlá. Ayàwòrán rẹ á gbàdúrà fún ọ. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bá ọ wí lórí "fìrì", torí ìgbín kì í ṣe nǹkan kan fìrì. Mo wá rí i pé ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn: ó ti ń wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló yára ṣe, ìbẹ̀rù ló sì mú kó ṣe é. Fi í sílẹ̀.

Yọ ohun tí ìgbín sọ kúrò. Ìkarahun ńlá àti omi yẹn ti sọ ọ́.

Ìwo tó kù níta yẹn, ta ló ń retí? Ojú ìwé kejì nìyẹn. Kọ ọ́ wá.